Mo Pe Ẹlẹ́mu Ní Olè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi fà fún mi ní Òkòkómáíkò, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo ra kẹ́ẹ̀gì ògùrọ̀ kan fún àwọn àlejò mi. Owó rẹ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀, inú mi sì dùn. Àmọ́ nígbà tí a mu ún, ó rí ṣàn bí omi, ojú sì tì mí. Mo bínú tọ bàbá tó tà á lọ, mo sì pariwo lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ bu omi là á! Olè ni yín!”

Bàbá kò bú mi. Ó ní, “Tíṣà, bá mi lọ sóko lọ́la.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba ẹ̀yìn Ìbà wọ inú irà. Ẹrẹ̀ mù wá dé orúnkún. Ilẹ̀ olómi ni igi ògùrọ̀ ń fẹ́. Ilẹ̀ líle ni ti ọ̀pẹ. Igi méjì, ilẹ̀ méjì, adùn méjì. Bàbá fi hàn mí bí òjò òru ṣe ń tọ ara igi ṣàn wọ inú agbè, bó tilẹ̀ fi ewé bò ó. Ó ní, “Òjò ló bu omi là á. Ìdí nìyí tí mo fi dín owó rẹ̀ fún ọ.”

Oòrùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti inú agbè níí sọ ṣúgà ẹmu di ọtí, ooru a sì mú un yá. Láàárọ̀ ọyẹ́, adùn rẹ̀ a pẹ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, kíákíá ni yóò kan. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ń dáàbò bo orúkọ àgbègbè tó wà lára ìgò wáìnì, nítorí wọ́n gbà pé ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ wà nínú adùn rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tiwa kò ní orúkọ lára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí a ti ń padà bọ̀, Bàbá nawọ́ sí ọ̀nà Ọ̀jọ́, níbi tí yanrìn ti bo irà, tí ilé sì dúró lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà a kú. Bàbá bi mí pé, “Níbo ni ọmọ rẹ̀ yóò hù sí?” N kò rí èsì fọ̀.

Lójú àwọn oníbàárà yẹn kan náà ni mo ti dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí a tó pe ọlọ́jà ní olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé oko tí ọjà rẹ̀ ti wá.