Kìlómítà 33 Lójúmọ́

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó gun kẹ̀kẹ́ wá ìmọ̀ lọ. Mamadou Safaiou Barry ni orúkọ rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Gínì. Ẹni ọdún 25 ni nígbà náà, ó ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ kan. Ní oṣù May ọdún 2023, ó gbéra nílé, ó dorí kọ Íjíbítì, nítorí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní Al-Azhar, ilé ẹ̀kọ́ tó ti lé ní 1,000 ọdún láyé. Kò tíì sí ẹni tó ṣèlérí àyè fún un níbẹ̀. Kò sì lówó ọkọ̀ òfuurufú. Kẹ̀kẹ́ ló ní, kẹ̀kẹ́ náà ló gùn.

Ó gba Mali, Burkina Faso, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Niger kọjá kó tó dé Chad. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n mú un tì mọ́lé lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì ní Burkina Faso, ẹ̀ẹ̀kan ní Tógò. Nígbà tó dé Chad, oníròyìn kan fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aláàánú bá dá owó ọkọ̀ òfuurufú fún un, kó má baà gba Sudan kọjá níbi tí ogun ti ń jà. Ọjọ́ 5 oṣù September ló dé Káírò. Ọ̀mọ̀wé Nahla Elseidy, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ní Al-Azhar nígbà náà, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún un láyè láti kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí, ó gbéra àti ó dé ni wọ́n máa ń sọ. Àárín rẹ̀ lèmi fẹ́ kí a jọ wò. Wọ́n ní ìrìn-àjò náà tó 4,000 kìlómítà, ó sì gba oṣù mẹ́rin. Ẹ pín 4,000 sí ọ̀nà 120, tí í ṣe iye ọjọ́ inú oṣù mẹ́rin, yóò fún yín ní nǹkan bíi kìlómítà 33 lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè wa, ẹni tó bá gbéra láti Papalanto tó sì dé Abẹ́òkúta ti rìn tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Mo mọ ọ̀nà yẹn lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí owó ọkọ̀ bá wọ́n, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ sí Abẹ́òkúta. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán ni mo ti ń jáde, torí atẹ́gùn ṣì tutù nígbà náà, àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì kò sì tíì pọ̀ lójú títì. Títí mo fi máa kọjá Ewékorò, ara mi á ṣì yá. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ọ̀dà títì á máa ru ooru sókè sí mi lójú, eruku funfun á lẹ̀ mọ́ òógùn ara. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ á máa dun ni. Ṣéènì á já kúrò lára eyín rẹ̀, màá sọ̀ kalẹ̀, màá fi ọwọ́ dúdú dá a padà. Bí ìyá oníbúrẹ́dì kan bá rí mi tó sì na píọ́ wọ́tà kan sí mi, mo máa ń ṣàdúà fún un títí mo fi máa dé ibi tí mo ń lọ. Tí mo bá sì dé, mo ti dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, màá sinmi.

Ẹ wá fi èyí wé ti Barry. Igi wà lọ́nà wa, abúlé wà, ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́ èdè mi. Ní Niger àti Chad, ibi kan wà tí èèyàn lè gùn títí kó má rí òjìji igi kan. Ooru ọ̀sán ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi tí o bá gbé dání lomi tí o ní. Àwọn tí o bá pàdé kò mọ̀ ọ́, wọ́n sì lè máa fura sí ọ nítorí àìsí ààbò. Ṣùgbọ́n ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé, lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, á tún gun kẹ̀kẹ́.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a) ti jẹ́ kó yé wa pé ìyà wà nínú ìrìn-àjò, torí ó máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ oúnjẹ, omi àti oorun. Ó sì gbà wá níyànjú pé bí a bá ti parí ohun tí a bá lọ, ká tètè padà sọ́dọ̀ ará ilé wa. Nítorí ìnira yìí ni Allāhu ṣe ṣe àánú fún onírìn-àjò. Ìrun onírákà mẹ́rin di méjì fún un. Bí kò bá rí omi, yóò fi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe táyámọ́mù. Bí ó bá wà nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó lè jẹun, kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Àdúà rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí kì í padà lófo. Ẹ kíyè sí i pé Allāhu dín ìrun kù fún un, kò mú ìrun kúrò. Ọjọ́ tó bá le, ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá wa Àíṣà (kí Allāhu yọ́nú sí i) ló gbà á wá pé iṣẹ́ tí Allāhu fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe léraléra, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò mìíràn. Àáyà inú Àlùkùránì jẹ́ 6,236. Ọmọ tó bá ń há márùn-ún sórí lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò ní tíì pé mẹ́rìnlá tí yóò fi parí. Àáyà márùn-ún kò ju ohun tí ọmọdé lè há láàárín àsùbáà sí ìgbà tí yóò lọ sílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ làwọn aṣáájú wa ṣe. Jábírù ọmọ Abdullāhi, sàábé Ànábì, ra ràkúnmí, ó rin oṣù kan gbáko lọ sí Ṣáámù nítorí hádíìsì kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo sọ ìtàn Barry ní ilé kéwú wa, ọmọkùnrin kan tó tó ọdún mẹ́tàdínlógún dìde. Ó ní, “Ùstáàsì, èmi náà á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Káírò.” Àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé, “Oṣù tó kọjá, Sátidé mélòó lo wá síbí?” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Méjì, sà.” Ilé wọn kò jìnnà sí wa ju ìwọ̀n tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo sọ fún un pé ọ̀nà Káírò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Mo tún sọ ohun kejì fún un, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́ ọ dáadáa: ìtàn yìí kò ní kí ẹ forí lé aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Aláwọ̀-dúdú ló ti kú sínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí àwọn òbí wọn kò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Nígbà tí ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Allāhu, ó ní kó so ó ná, kó tó gbára lé E. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún àyè, ẹ gba àṣẹ òbí, ẹ ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Ìfaradà Barry ni kí ẹ kọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí oníròyìn Chad àti àwọn tó dá owó. Onírìn-àjò tí ọ̀nà jìn sí wà lára àwọn mẹ́jọ tí Allāhu ní kí a fún ní sàkáà. Oríta ni Papalanto. Láti ibí, èèyàn lè lọ sí Abẹ́òkúta, Ìláró, Ṣàgámù tàbí Èkó. Lójoojúmọ́ la ń rí ẹni tí oòrùn ti pa lẹ́bàá ọ̀nà. Omi ọ̀rá kan lè jẹ́ ọ̀nà tìrẹ nínú iṣẹ́ ẹni tó ń wá ìmọ̀. Owó ilé kéwú tí o san lásìkò náà sì ń ti ọmọ lẹ́yìn lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tó fẹ́ lọ sí Káírò náà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó há àáyà márùn-ún. Mo kí i, mo ní a ó máa retí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí Allāhu fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó mú ẹsẹ̀ wa dúró lójú ọ̀nà Rẹ̀, kí Ó sì ṣọ́ gbogbo onírìn-àjò wa. Āmīn.