Ṣéènì Ọkọ̀ Eré ní Rumuodara

Ẹni tí ó bá ń ti Rumuokoro bọ̀ ní ọ̀nà East-West, tí ó forí lé Eliozu, yóò kọjá ní oríta Rumuodara. Ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor ní Port Harcourt ni àdúgbò náà wà, ilẹ̀ àwọn Ikwerre sì ni. Níbẹ̀ ni olùkọ́ ìṣirò kan, ọmọ bíbí Òṣogbo, ń gbé. Ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ ti gbé e débẹ̀, ọdún mẹ́jọ náà sì ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé, tí ó jẹ́ pé ìgbà ọdún nìkan ni baba ń fojú kàn án. Nígbà tí ìyá àgbà papò dà, a fi ọkọ̀ gbé ọmọ náà wá bá baba rẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Bí baba bá bi í ní ọ̀rọ̀, a dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bí kò bá bi í, a dákẹ́.

Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi ra ọkọ̀ eré kan lọ́wọ́ òyìnbó tí ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Gókáàtì ni wọ́n ń pè é: irin tí a jó pọ̀, táyà kéékèèké mẹ́rin, ìjókòó kan, ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Ará Amẹ́ríkà kan, Art Ingels, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní California ní 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí ń gé koríko ni ó sì fi sí i. Èyí tí olùkọ́ rà kò jìnnà sí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì tí àwọn ènìyàn fi ń fa omi ni ó wà lórí rẹ̀. Àlòkù pátápátá ni. Òkìríkà ni Yorùbá ń pe aṣọ àlòkù, láti ara orúkọ ìlú Okrika tí kò jìnnà sí Port Harcourt. Olùkọ́ a sì máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti ra òkìríkà onítáyà ní ìdí orísun rẹ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà yí pápá kan ká lẹ́ẹ̀mejì, ṣéènì rẹ̀ sì já. Nígbà tí wọ́n yí i dé, wọ́n rí i pé irin róbótó eléyín tí ó wà lára ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípírókẹ́ẹ̀tì, ti jẹ tán. Eyín rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èékánná àwòdì. Kékeré tí ó wà lára kílọ́ọ̀ṣì níwájú ṣì dára, ó jọ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan eyín kan, ó tún kan èkejì.

Ó ní, "Sà, ṣé kí n ka eyín rẹ̀?"

Olùkọ́ dáhùn pé, "Fi í sílẹ̀. Ṣéènì ni ṣéènì ń jẹ́."

Kò mọ ohunkóhun nípa ṣéènì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ogún ọdún kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i ní ipò akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ó rò pé nǹkan kékeré ni. Bí ó bá jẹ́ Òṣogbo ni, yóò tọ ọlọ́kadà kan lọ, yóò sì bi í níbi tí ó ti ń ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers fi òfin de ọ̀kadà agbérò ní Port Harcourt àti Obio/Akpor, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba ipò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí kò sì ní ṣéènì. Inú jíà àti ọ̀pá irin ni agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Olùkọ́ bi ọlọ́kẹ̀kẹ́ mẹ́ta. Wọ́n wo ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wá ìyẹ́ lára ewúrẹ́.

Níkẹyìn, ó rí ṣéènì ọ̀kadà rà ní ìsọ̀ kékeré kan. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó já, ihò bá ihò mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi í sára ọkọ̀, ó pe ọmọ, àwọn aládùúgbò sì jáde wá wòran. Ọkọ̀ náà kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà tí ṣéènì fi gun orí eyín, tí ó fò kúrò, tí ó sì ká mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn bí ejò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀, olùkọ́ gba Rumuokoro, ó tọ ọ̀nà Ikwerre Road lọ sí Ikoku ní Diobu, níbi tí ọjà pààtì ọkọ̀ wà. Àlejò lójú, kò fi ríran: ó rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, láàárín bọ́ńpà àti ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, kò mọ ohun tí yóò béèrè. Oníṣòwò kan gbọ́ bí ó ṣe ń ráhùn ní èdè rẹ̀ lábẹ́ ètè. Ìgbò ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Kí ni ẹ mú wá?"

"N kò mú nǹkan wá. Ṣéènì ọkọ̀ eré ọmọdé ni mo ń wá. Ó gùn tó báyìí." Ó na ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu kì í wọ eyín ṣéènì. Ẹ lọ mú èyí tí ó bàjẹ́ wá, tòun ti irin eléyín rẹ̀. Eyín mélòó ni?"

Olùkọ́ ìṣirò dúró. Kò mọ iye rẹ̀. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọ ọdún méjìlá ti béèrè ni oníṣòwò yìí ń bi í.

Nígbà tí ó délé, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà. Ó ní òun kò mọ nǹkan náà rárá, ó ní kí ó jọ̀ọ́ bá òun ka eyín. Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi sàmì sí eyín kan kí ó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka ọgọ́ta lẹ́yìn, ó ka mẹ́wàá níwájú. Ó tún un kà.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ padà sí Ikoku. Oníṣòwò mú irin ìwọ̀n jáde, ó sì ṣàlàyé ohun tí ó tan olùkọ́ jẹ. Ṣéènì ọ̀kadà tí ó rà ni wọ́n ń pè ní 428. Èyí tí ó yẹ ọkọ̀ náà ni 420. Nọ́ńbà 4 tí ó ṣíwájú túmọ̀ sí ìdá mẹ́jọ íńṣì lọ́nà mẹ́rin, èyí tí í ṣe ààbọ̀ íńṣì láti àárín ìṣó kan dé àárín èkejì. Nítorí náà ni ihò fi bá ihò mu nílẹ̀. Ṣùgbọ́n rólà inú 428 fẹ̀ ní mìlímítà 8.51, ti 420 jẹ́ 7.75. Èyí tí ó tóbi kò lè jókòó dé ìsàlẹ̀ àlàfo eyín, orí rẹ̀ ni yóò máa gùn. Ó ní ṣéènì Honda C70 àtijọ́ ni 420, ó sì ní i. Ó tún kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tí ó ti jẹ ń ra ṣéènì mìíràn sílẹ̀ ni.

Irin eléyín ọgọ́ta ni kò sí. Ti alùpùpù tí ó wà nílẹ̀ kò ju ogójì lọ.

"Òun náà yóò ṣiṣẹ́, yóò tilẹ̀ sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni oníṣòwò wí. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò gùn ún?"

Olùkọ́ mú pẹ́ńsùlù. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní 3,600 ní ìṣẹ́jú kan, mẹ́wàá sí ọgọ́ta yóò fún ọ̀pá ẹ̀yìn ní 600. Mẹ́wàá sí ogójì yóò fún un ní 900. Pẹ̀lú táyà tí ó fẹ̀ ní íńṣì 13, ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan, èkejì jẹ́ 56. Lẹ́yìn èyí, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, yóò sì jóná láìpẹ́. Ó wo orí ọmọ náà tí kò ní akoto. Ó ní ọgọ́ta ni òun fẹ́.

Oníṣòwò júwe ìsọ̀ agbẹ́rin kan fún wọn. Agbẹ́rin ní eyín tí ó ti jẹ kò ṣe é fi ṣe àwòkọ, àfi kí wọ́n fún òun ní ìwọ̀n. Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ ti wúlò. Ó pín ààbọ̀ íńṣì pẹ̀lú sáìnì igun oníwọ̀n 3, ó sì rí íńṣì 9.55 gẹ́gẹ́ bí ìbú àyíká tí ìṣó ṣéènì yóò máa gbà. Ọmọ náà wo ìwé náà títí, ó béèrè ibi tí 3 ti wá. Baba fi hàn án: 180 tí a pín sí ọ̀nà ọgọ́ta. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi jókòó lórí pákó ní iwájú ìsọ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ yìí, agbẹ́rin sì ti bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, irin dé, wọ́n gé ṣéènì sí ìwọ̀n, ó ku ìsopọ̀ rẹ̀. Àwẹ́ irin kékeré tí ó ń de ìsopọ̀ ní ẹnu kan tí ó là àti ẹ̀yìn kan tí ó dí; ẹ̀yìn tí ó dí ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣíwájú ní ọ̀nà tí ṣéènì ń lọ, kí nǹkan má baà kọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó yọ. Oníṣòwò ti sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ fi í sí i, ó nu ọwọ́, ó ní kí ọmọ gorí ọkọ̀.

Ọmọ náà kò gùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ibi tí àwẹ́ irin náà ń gbà kọjá.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti fi ẹnu rẹ̀ síwájú."

Olùkọ́ gbé pẹ́láyà fún un.