Gbogbo Ewé Gbòòrò Kọ́ Ni Ewé Mọ́ín-mọ́ín

Nọ́ọ̀sì yín ni.

Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi, ahọ́n rẹ̀ wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ewé òdòdó iwájú ilé, tó ní àmì funfun, ló jẹ. Ó rò pé ewé mọ́ín-mọ́ín ni.

Inú igbó tó níbòji ni ewé eéran wa ti ń hù. Kò ní igi: ewé kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ọ̀pá gígùn láti inú ilẹ̀, kò sì ní àmì funfun. Èso rẹ̀ pupa, ó ní igun mẹ́ta, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń wà. Ohun rírọ̀ tó wà lára kóró dúdú inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ.

Bí ọmọ bá jẹ ewé òdòdó yẹn, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú un bì. Ẹ tètè gbé e wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.