Ègbè Láti Ẹ̀yìn

Ẹni tó bá ní olówó nìkan ló ń gbádùn surround, kó wá sílé wa ní Ìlaròó. Sípíkà ńlá méjì wà níwájú. Sípíkà kọ̀ǹpútà méjì wà lẹ́yìn àga Bàbá. Àwọn kékeré yìí ní amplifier tiwọn nínú, ihò "tape out" la so wọ́n mọ́. Agbára wáyà sípíkà ńlá lè jó wọn. Lóòótọ́, ohùn kan náà ló ń jáde níwájú lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tá a bá dín tẹ̀yìn kù díẹ̀, tí kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fẹ̀ ń kọ, ègbè á yí wa ká bí ẹni wà lójúde Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Màámi olóògbé wà nínú ègbè yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè sípíkà rẹ̀. Bàbá ní kó lọ ra òmíràn.