Mónítọ̀ méjì, ọrùn kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ ọrùn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà la máa gbà débẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Àpáta níbí, ìṣirò owó ló ń bá àwọn oníṣòwò ṣe. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló ní. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i, ó ra mónítọ̀ kejì, tòkunbọ̀ ni, ó gbé e sápá òsì ti àkọ́kọ́, kó lè máa wo ìwé ìnáwó lójú kan, kó sì máa ṣírò lójú kejì. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi wá bá mi: "Àǹtí mi, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo lè fi pa ọrùn yìí. Kò fẹ́ yí sọ́tùn-ún mọ́."

Mi ò tíì fún un ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kí a tó fi òróró pa ibi tó ń dunni, ó yẹ ká wo ohun tí ẹni náà ń fi ara rẹ̀ ṣe. Mo fa àga, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wíńdò tó bá ṣí, ìyẹn àpótí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jáde sí lójú kọ̀ǹpútà, apá òsì ló ń lọ, wọ́n sì ń gun ara wọn bí aṣọ inú agbọ̀n. Yóò yí ọrùn, yóò fi máòsì fa ọ̀kan wálẹ̀, yóò ti ìkejì sókè, yóò tún yí padà. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ìgbà tí mo kà tó yí ọrùn lé ní 40. Orí àgbàlagbà sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Iṣan ọrùn ló ń gbé e kiri.

Òun náà ti fura. Ó ní òun ń wá ètò kan tí yóò máa to àwọn wíńdò náà sáyè wọn, àti pé ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti ṣèlérí láti tà á fún òun nínú flash, ẹ̀dà tí wọ́n jí kọ. Mo ní kó má dán an wò. Owó àwọn oníbàárà rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ètò tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè kó kòkòrò wọlé láìpariwo.

Ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un, ọ̀fẹ́ ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti ìgbà Windows 7, ní ọdún 2009, bí ẹ bá fa wíńdò kan títí tó fi kan etí ojú mónítọ̀, yóò gba ìdajì ojú náà gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ fa nǹkan lè tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ ọfà òsì tàbí ti ọ̀tún. Windows 10, tó dé ní 2015, jẹ́ kí a lè pín in sọ́nà mẹ́rin. Windows 11 tó jáde ní 2021 ló wà lórí ti ọmọ yìí: ẹ tẹ àmì Windows àti Z, yóò fi oríṣiríṣi ọ̀nà ìtò hàn, kí ẹ mú èyí tó wù yín. Bí ẹ bá sì fi Shift kún àmì Windows àti ọfà, wíńdò náà yóò fò bọ́ sórí mónítọ̀ kejì.

Bí èyí kò bá tó, PowerToys wà, Microsoft fúnra wọn ló ṣe é, wọn kì í gbowó rẹ̀. Apá tó kàn wá níbẹ̀ ni FancyZones. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò la ààlà sójú mónítọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pín ilẹ̀ oko. Bí ẹ bá ń fa wíńdò tí ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀, ibi tí ẹ bá jù ú sí ni yóò dúró. Fún àwa tí iná ń ṣe ségesège fún, ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé Windows 11 lè rántí ibi tí wíńdò wà tẹ́lẹ̀, bí mónítọ̀ kan bá já kúrò tó sì tún padà.

Ṣùgbọ́n kò sí ètò tó lè bá yín sún tábìlì. A gbé mónítọ̀ tó ń lò jù síwájú imú rẹ̀ gan-an, ìwé ìnáwó gba ìdajì, ìṣirò gba ìdajì. Ìkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú sí i díẹ̀, lẹ́tà àti WhatsApp nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn ti ń yí sọ́tùn-ún. (Ó ṣì ń béèrè òróró o, ó ní òórùn rẹ̀ ń dùn mọ́ òun.) Ẹni tó bá ń lo méjèèjì bákan náà, kó jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti pàdé wà ní ọ̀gangan iwájú rẹ̀.

Kí òkè mónítọ̀ má ga ju ẹyinjú lọ, kó sì jìnnà tó gígùn apá. Ẹ̀yin àgbà tó ń lo awò aláwẹ́ méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, ẹ jẹ́ kí tiyín relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò máa gbé àgbọ̀n sókè ṣáá, ẹ̀yìn ọrùn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú kúrò, ẹ wo òkèèrè fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ó kéré tán bíi mítà 6. Ní Ìbàdàn wa yìí, páànù ilé tó ti dípẹtà kò wọ́n wa láti wò.

Bí ìrora bá ń ta dé apá, tí ìka ń kú tàbí tí ọwọ́ kò lè di nǹkan mú mọ́, tàbí tí ọrùn gan pẹ̀lú ibà, ẹ fi kọ̀ǹpútà àti òróró sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọjú sí lọ́jọ́ náà.