Ìwé Àjọ Ìyá Mi

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó fi orí tì í dé òpin. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí òwe yìí ṣe ṣẹ mọ́ mi lára.

Gbàgádà ni ilé wa wà ní ìlú Èkó. Ata ni ìyá mi ń tà ní ọjà Mile 12, àwọn náà sì ni alájọ fún ogún obìnrin tí ń dá ẹgbẹ̀rún náírà lójoojúmọ́. Èmi ni akọ̀wé wọn. Ní alaalẹ́ ni mo máa ń ṣe fáìlì tuntun fún owó ọjọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà mi, tí yóò gba inú Google Drive dé orí fóònù àbúrò mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àbúrò mi a ka gbogbo rẹ̀ sí etí àwọn obìnrin náà ní ọjà.

Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni kọ̀ǹpútà mi ń lò. Google ṣe ètò ìsopọ̀ fún Windows àti Mac, ṣùgbọ́n kò ṣe ọ̀kankan fún Linux. Nítorí náà ni mo ṣe wá rclone, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo fi àṣẹ "sudo apt install rclone" gbé e wọlé, mo fi "rclone config" fi í mọ Google, mo sì fi "rclone mount" so Drive mọ́ fódà kan tí mo pè ní "ajo". Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, iná lọ lójijì, kọ̀ǹpútà mi tí bátìrì rẹ̀ ti gbó sì kú. Nígbà tí iná dé, mo tàn án padà. Fódà "ajo" ṣì wà níbẹ̀, mo sì ń kó fáìlì mi sínú rẹ̀ lálẹ́ bí ìṣe mi, láìwo àwọn ti àtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, ìṣirò tí àbúrò mi rí kà kò kọjá ọjọ́ Àìkú. Obìnrin kan fi igbe ta pé ìyá mi ti jẹ owó ọjọ́ mẹ́rin òun. Omi lójú ni ìyá mi fi wọlé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ogún ọdún tí mo ti ń gba àjọ, ẹnikẹ́ni kò pè mí ní olè rí."

Mo yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Rclone kò jí láti ìgbà tí iná ti lọ! Bí kò bá sì ṣiṣẹ́, fódà lásán ni "ajo". Ohun tí a bá kó sí i kò kúrò nínú ilé. Fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ láìyingin. Mo kọ́kọ́ kó wọn jáde, nítorí pé rclone kì í fẹ́ so mọ́ fódà tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Mo tún un so, mo dá wọn padà, wọ́n sì dé orí fóònù àbúrò mi. Ní ọjọ́ kejì, a kà á ní gbangba ọjà, obìnrin náà sì tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Mo kọ fáìlì kékeré kan, "ajo.service", sínú ~/.config/systemd/user. Mo kọ "Restart=on-failure" àti "RestartSec=30" sí i, kí ètò náà lè tún gbìyànjú lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bí ó bá ṣubú. Mo fi "systemctl --user enable --now ajo.service" pàṣẹ pé kí ó máa jí fúnra rẹ̀, mo sì fi "loginctl enable-linger" pàṣẹ pé kí ó má dúró dè mí kí n tó wọlé. Mo pa kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jí lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, n kì í kọ ohunkóhun lálẹ́ láìkọ́kọ́ lo "findmnt ~/ajo"; bí kò bá dáhùn, ìsopọ̀ ti já nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gbé ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì yọ̀ nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá ètò náà yóò jí. Orúkọ rere ẹlòmíràn lè wà lọ́wọ́ yín.