Àṣá Kì í Ṣàdédé Balẹ̀

Kò sí ìjà tó ń tètè sú ènìyàn lórí tábìlì eré bí ìjà òfurufú. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe Dungeons & Dragons rí. Drágónì á dé, á máa yí lókè, á máa tu iná sílẹ̀. Ẹni tó ní ọfà á máa ta ọfà, ẹni tó jẹ́ onídà á fẹ̀yìn ti àga, á máa tẹ fóònù rẹ̀. Nígbà tó bá yá, drágónì á kú tàbí kó fò lọ. Tí o bá bi wọ́n lọ́sẹ̀ kejì pé kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní, "A pa drágónì kan." Ó parí síbẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì kan, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé e jáde ní 1974. Kì í ṣe bíi lúdò tí ènìyàn ń sáré dé ilé. Ẹnì kan ni adarí, òun ló ń sọ ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ gbọ́ àti ohun tó dìde sí yín. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá inú ìtàn kọ̀ọ̀kan, ọdẹ, onídán, jagunjagun, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ti pàlọ́ fún nígbà èwe, tó sì ti dá apàlọ́ dúró láti bi í pé ká ní ìjàpá ò gba ọ̀nà yẹn ńkọ́, ti mọ ìdajì eré náà. Ìsẹ́yìn ni àwa ti ń ṣe é, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa tó ń tún fóònù ṣe, èmi ni mo sì sábà máa ń darí.

Àṣá ló kọ́ mi ní ìjà òfurufú. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn tó bá dé agboolé. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i ni ìyá adìyẹ ti rí i. Igbe kan wà tó máa ń ké tó yàtọ̀ sí gbogbo igbe rẹ̀ yòókù, àwọn ọmọ á sì fọ́n ká, òmíràn sábẹ́ ìyá, òmíràn sábẹ́ ọ̀kadà, òmíràn sábẹ́ agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àṣá á gba ọ̀dọ̀ oòrùn wọlé, tó fi jẹ́ pé bí o bá gbójú sókè, oòrùn nìkan lo máa rí. Lẹ́ẹ̀kan náà ló máa já wálẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni bó ṣe ń lọ. Bó bá ti gbé òròmọdìyẹ, kì í lè gòkè tààrà mọ́. Á rá lórí páànù, á máa pa apá kíkankíkan, nítorí ẹrù ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọdé ti máa ń sọ ọ́ lókò tó fi máa ń já ẹran sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí adarí eré nílò wà nínú ìyẹn. Ìkìlọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó rí ọ̀tá. Ọ̀tá mọ apá ibi tó yẹ kó gbà wọlé. Ìṣẹ́jú kan wà tí ọwọ́ lè tó o, ẹrù sì sọ ọ́ di ẹni tí ènìyàn lè bá jà. Pàtàkì jù lọ ni pé ó ní ohun tó ń wá nílẹ̀. Bí kò bá sí òròmọdìyẹ, àṣá ò ní balẹ̀, àwọn onídà ò sì ní rí ẹnì kan bá jà. Nítorí náà, kí n tó kọ bí apá ẹranko kan ṣe gùn tó tàbí bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe yi tó, mo máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tó ń bọ̀ wá gbé.

Ìjà tí wọ́n ṣì ń bá mi jiyàn lé lórí títí di òní nìyí. Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ bí àwọn ahunṣọ ṣe máa ń na òwú aṣọ òkè sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì, tí òkúta á wúwo lórí igi tó dì í mú lópin, tí igi náà á máa wọ́ sún mọ́ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn. Ẹ sì mọ ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tó ń já imọ̀ ọ̀pẹ láti fi hun ilé rẹ̀. Mo mú ẹ̀gà kan, mo sọ ọ́ di ńlá bí ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì ń wá òwú tí yóò fi kọ́lé. Aṣọ ìyàwó ló wà lórí òfì. Sátidé ni ìgbéyàwó.

Ẹ̀gà kì í ṣe ẹran ajẹnìyàn, kò sí ẹni tó ń bínú sí. Ó kàn balẹ̀, ó fi ẹnu mú òwú, ó gbéra. Igi àti òkúta wọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ onídà (nọ́ọ̀sì ni lójú ayé) fò mọ́ òkúta náà, ló bá di pé òun pẹ̀lú ń gòkè. Onídán fẹ́ sun ẹyẹ, ṣùgbọ́n iná á jó òwú. Ọdẹ lè ta á, ṣùgbọ́n bó bá kú lókè, ẹni tó rọ̀ mọ́ òkúta á bá a já bọ́. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, nítorí òwú kan ṣoṣo ló so ilẹ̀ mọ́ òkè. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan ní láti gé e. Ẹni tó gé e àti ìdí tó fi gé e ni ìjà tó kù sílẹ̀ láàárín wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè sọ iye ẹ̀mí tí ẹ̀gà yẹn ní, àní èmi náà ti gbàgbé.

Bàbá kékeré mi tó jẹ́ ọdẹ jókòó tì wá lọ́jọ́ kan, ó ń gbọ́. Mo ń ṣàlàyé ẹyẹ tó dúró gangan lójú kan lókè. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irú ẹyẹ wo ló ń dúró sójú kan bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n so ó mọ́ ọ̀run ni?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, eré ni." Ó ní eré náà gbọ́dọ̀ ní ojú. Òótọ́ ló sọ. Nínú ìwé adarí eré tí Gygax kọ ní 1979, ó pín àwọn abìyẹ́ sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti A dé E, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè yí apá padà tó. Èyí tó tóbi ò lè yí kíá, ó ní láti lọ jìnnà kó tó padà wá. Àwọn ìwé tuntun ti yọ ọ́ kúrò nítorí pé ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹyẹ ńlá tó bá ti já wálẹ̀ tó sì tàsé gbọ́dọ̀ lo ìgbà kan tó bá kàn án láti gòkè padà kó tó lè jà. Ìgbà kan yẹn ni àwọn ará ilẹ̀ ń rí àyè mí.

Ní ti gíga, tábìlì pẹlẹbẹ ò lè sọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí àríyànjiyàn fi máa ń pọ̀. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni àwa ń lò. Ìdérí kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, a ó sì to wọ́n sábẹ́ ère ẹni tó bá wà lókè. Òfin eré ní kí wọ́n ju dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí ènìyàn bá já bọ́, títí dé ogún dáìsì. Nítorí náà, ìdérí tó wà lábẹ́ rẹ ni dáìsì tó ń dúró dè ọ́. Ènìyàn á rí i tí òkìtì yẹn ń ga sí i, ojú rẹ̀ á yí padà láìjẹ́ pé mo sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ohun mìíràn tó ń ba ìjà òfurufú jẹ́ ni pé àwọn tó ń kọ ọ́ rò pé òfurufú ṣófo. Òfurufú agbègbè wa ní Òkè-Ògùn ò ṣófo. Nígbà ọyẹ́, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ á bo ojú ọ̀run tó fi jẹ́ pé òkè Asabari tó dúró ti Ṣakí lè di òjìji lásán. Níbẹ̀, tafàtafà tó ń ta ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn ò ríran mọ́, gbogbo ènìyàn ní láti sún mọ́ra. Bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, àpáta á gbóná ju pápá tó yí i ká lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì máa dìde láti ara rẹ̀. Orí ìyẹn ni igún máa ń gùn láìpa apá. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eré mi á darí ẹranko tó ń gùn lọ sí orí àpáta, á ga sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á máa làágùn lórí pápá.

Ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n bá ń sun igbó. Bí iná bá ti ń jó bọ̀ nínú koríko gbígbẹ, àwòdì á ti pé lókè rẹ̀. Iná ń lé tata jáde, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí á sì máa yọ wọ inú èéfín, wọ́n á fi èékánná mú un nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Mo ti lò ó rí, àfi pé tata tèmi tó ọmọ màlúù. Àwọn akíkanjú wa gbọ́dọ̀ la àárín ìrúkèrúdò yẹn kọjá pẹ̀lú ènìyàn tó farapa lẹ́yìn wọn. Kò sí àwòdì tó bá wọn jà ní pàtó. Oúnjẹ ni wọ́n wá, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí wọn lọ́nà. Ẹni tó wà nílẹ̀ nínú wa ló wulẹ̀ mú ọ̀ràn náà dùn: ó lè gbá iná kí ọ̀nà là, ṣùgbọ́n bí iná bá kú, tata á tán, àwọn àwòdì á sì máa wá ohun mìíràn jẹ.

Ìjì òjò náà ní ìwà tirẹ̀. Ìlà-oòrùn ló ti sábà máa ń wá ní ilẹ̀ wa, tí afẹ́fẹ́ tútù àti eruku á ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ń sá fún un. Ẹni tó bá ń fò padà sílé ní ìhà kejì, inú rẹ̀ ló ń wọ̀. Ìyẹn nìkan ti tó ìpinnu fún alẹ́ kan.

Àmọ́ ibi tí mo ti yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìwé òkèèrè jù lọ ni iye tí fífò ń náni. Nínú ìwé wọn, onídán á pe ọfọ̀, á fò, á balẹ̀ síbi tó wù ú, ó tán. Nínú ìtàn tiwa, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ egbé, oògùn tó ń gbé jagunjagun tàbí ọdẹ kúrò nínú ewu. Nínú eré mi, egbé ló ń yan ibi tó máa gbé ọ sí, ẹgbẹ́ rẹ tí o fi sílẹ̀ lójú ogun ò sì ní bá ọ lọ. Wọ́n tún máa ń sọ ti ẹni tí àjà gbé lọ sínú igbó tó padà dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀ ewé. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Àjà dé sí tábìlì wa rí, ó ń yí eruku bọ̀ nínú pápá, mo sì bi wọ́n pé ta ló máa dúró. Ẹni tó bá dúró á padà wá bí oníṣègùn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀dá rẹ̀ kò ní sí nínú ìtàn fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀dá mìíràn ló máa mú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró. Àwọn yòókù ń pariwo pé kó sá.

Ohun kan wà tí mi ò jẹ́ mú wá sórí tábìlì, ìyẹn ni àwọn ẹlẹ́yẹ òru gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tí a ó pa. Mo mọ̀ pé á dẹ́rù ba ènìyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá arúgbó wà tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ jẹ níyà lójú ayé, mi ò sì ní fi ìyẹn ṣeré.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi kan tí ẹ lè kọ́kọ́ lò, Àdó-Àwáyè nìyẹn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Adágún Ìyàkẹ́ wà lórí àpáta, ìlú wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sí òkè náà sì jẹ́ 369 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kà á. Òkè ni àwọn ènìyàn ti ń gbé tẹ́lẹ̀ nítorí ogun. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní ìyẹ́ máa jà lókè, kí àwọn tí kò ní máa gun àtẹ̀gùn, ogójì lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tó bá kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbogbo tábìlì máa ka àtẹ̀gùn náà sókè. Ẹni tó bá já bọ́ lè bọ́ sínú omi tàbí sórí àpáta, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì pọ̀.

A ti rí i pé eré orí tábìlì ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé-iṣẹ́ NIBCARD tí Kenechukwu Ogbuagu dá sílẹ̀, tó wà ní Àbújá, ń ṣe tiwọn jáde, kì í ṣe pé wọ́n ń ra ti òkèèrè nìkan. Ní Òkè-Ògùn, a ò tíì pọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbẹ́tì tàbí Òkèhò, tí ẹ sì ní àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn, ẹ mú ìwé kan, ìdérí ìgò díẹ̀ àti dáìsì lúdò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Dáìsì olójú ogún ò sí lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ nọ́ńbà 1 dé 20 sára ègé ìwé, kí ẹ ká wọn sínú fìlà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fà á.